Abọ́ Ìgbéyàwó Mi Lọ Ra Waakye

Mo bí ọmọ márùn-ún, mo fa mẹ́ta lé ọkọ lọ́wọ́, abọ́ tánganran tí mo gbé wọlé ọkọ kò kúrò lórí pẹpẹ rí.

Lónìí, Sìkírá ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, gbé e lọ ra waakye ní títì Mamobi ládùúgbò wa!

Bó ṣe padà dé, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Sìkírá! Ta ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Màmá àgbà, tíṣà ní rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ló ń dí gọ́tà, ká máa mú abọ́ láti ilé. Èyí nìkan ni kò níṣẹ́."

Ẹni tó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ kò tíì rí ọmọ tó gun àga.

Mo yẹ abọ́ wò, kò bó. Mo jẹ ìrẹsì òun ẹ̀wà inú rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ìyá, kí n nà án ni, àbí kí n fi owó sídì mẹ́wàá rán an padà lọ ra sí i?