Eré Tí Wọ́n Ṣe Láìsí Ìwé Mi

Aṣọ ni mò ń sá lẹ́yìnkùlé wa ní Agége nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà ìjọba ológun, tí mo gbọ́ orin eré mi láti inú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú ìlú le, ti gbòde nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa n'Ìkẹjà ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, àwọn tó kù sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Èmi tí mò ń kọ eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wọn náà ti dáwọ́ dúró. N kò kọ ìlà kan.

Mo lọ yọjú lójú fèrèsé wọn. Ìtàn opó tó kọ̀ láti kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ni. Ìtàn mi ni. Orúkọ mi hàn níparí rẹ̀. Orí mi dàrú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ọ̀gá Làmídì, olórí àwọn òṣèré, nílé wọn n'Ìlúpéjú.

"Ọ̀gá, ta ló kọ eré àná?"

"Fọlákẹ́, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Ṣebí orí àga yẹn lo jókòó sí tó o sọ gbogbo ẹ̀ fún wa."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo máa ń kọ́kọ́ fẹnu sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, kí wọ́n gbé e wò, kí n tó lọ kọ ọ́. Kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ èyí.

"Ẹ mọ̀ pé a daṣẹ́ sílẹ̀."

"Àwọn sójà ló wá kó wa, àwọn àti oníkámẹ́rà tiwọn. Ṣé kí n máa bá ìbọn jiyàn ni?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó kúkú dùn. Ìyàwó mi sunkún."

Inú mi dùn díẹ̀ pé ó sunkún. Ìyẹn tún wá rú mi lójú jù.

Nígbà tí mo dé ẹnu géètì n'Ìkẹjà, níbi tí àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ń jókòó sí, ẹnì kan ní, "Òǹkọ̀wé ìjọba ti dé." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bísí, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n lé pẹ̀lú, nìkan ló jẹ́ kí n ṣàlàyé dópin.

Nígbẹ̀yìn, ìyanṣẹ́lódì parí, ilé iṣẹ́ sì gba díẹ̀ padà nínú àwọn tí wọ́n lé. Wọn ò gba Àǹtí Bísí, n kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Èmi ṣì kọ eré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ fíìmù lónìí máa ń bi mí bóyá mo bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Mo rò bẹ́ẹ̀. N kò lè búra.

Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé lẹ́nu géètì náà, Àǹtí Bísí wò mí títí, wọ́n ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n má jókòó tì wá lónìí."