Kíndìnrín Làtífù

Ní Ìjẹ̀dè níbí, bí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹja yíyan láàárọ̀, Sọ̀fíyàt ìyàwó ọmọ mi ló ń yan án. Bó bá kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún rẹ̀ á dún débi pé wọ́n á gbọ́ ọ ní Ẹ̀pẹ́.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, Làtífù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Látìgbà náà ló ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ kíndìnrín àlejò náà. Oògùn ọ̀hún ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, o ti jẹun?"

Èmi, ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ṣẹ̀rífátù ìyàwó mi ní kíndìnrín Làtífù ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni ò mọ̀ pé Làtífù kì í kí àgbà? Bó bá pàdé ọba lọ́nà, á kàn mi orí ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la fi bínú sí Sọ̀fíyàt. Ó ní orí ń fọ́ òun, a ní ìgbéraga ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Adéòjó ọkọ rẹ̀ bá a nídìí ààrò tó to bàtà mi sórí iná, tó ń yí wọn bí ẹja. Ó bi Adéòjó pé ọmọ ta ni. Ọmọ mi bú sẹ́kún.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Dókítà Fọláwùmí bi wá pé ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ tó pè mí ní 'o' ni."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ńṣe ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ tó gùn tó ọ̀pá atukọ̀ fa omi lẹ́yìn Sọ̀fíyàt. Ó ní ohun tíntínní kan, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì bu, ló bá afẹ́fẹ́ wọ ara rẹ̀, tó dé awọ tó bo ọpọlọ. Kì í sábà ṣe ẹni tára rẹ̀ le ní nǹkan. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ká ní a tún fi ọjọ́ mẹ́rin bínú, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń fa oògùn sí i lára, ó wo Adéòjó, ó pe orúkọ rẹ̀, ó bi í pé ta ló ń yan ẹja òun. Adéòjó ní bàbá òun ni.

Ó ní, "Wọ́n á ti sọ ọ́ di èédú."

Kò parọ́. Kíndìnrín náà kò bàjẹ́, àmọ́ yóò lo oògùn àrùn tuntun yìí fún ọdún kan gbáko. Ó ṣì máa ń gbàgbé ọjọ́ tí a wà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé apẹja Ìpakòdò tó ta ẹja jíjẹrà fún un. Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ló ti ń fóònù bá a jà.