Búrẹ́dì Ò Lẹ́sẹ̀

Kò sẹ́ni tó gbọ́njú n'Ìkàrẹ́ tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Màmá Eunice oníbúrẹ́dì já odidi bọ́ọ̀sì èrò sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Ọ̀kà. Mọ́tò ò lè gòkè mọ́. Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n kó búrẹ́dì Màmá sẹ́bàá ọ̀nà ná, òun á padà wá kó o. Màmá wo ojú ọ̀run, òjò ti ṣú.

"Búrẹ́dì ò lẹ́sẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin lẹ ní méjì méjì. Ẹ bọ́ sílẹ̀!"

"Màmá, pásítọ̀ ni mí o," ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wí.

"Ó kúkú dáa. Ẹ máa gbàdúrà fún mọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀."

Bí búrẹ́dì ṣe fi mọ́tò gòkè nìyẹn, tí pásítọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dókè, Màmá fún olúkúlùkù ní búrẹ́dì kan, ó sì bá àwọn tó pẹ́ dé wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin Màmá. Gbogbo ẹni tó wá kí Hephzibah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ìtàn òkè Ọ̀kà ni wọ́n ń sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Hephzibah nìkan ló ń ṣẹ́ kù síwájú ààrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe búrẹ́dì látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́. Àwọn oníbàárà Arigidi ti ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Stephen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Àkúrẹ́ pé bí ti Sátidé ò bá tún dáa, káwọn ti ilé iṣẹ́ náà pa.

"Búrẹ́dì yẹn ti bá Màmá lọ," ni Stephen wí.

Ṣé Màmá kì í wo aago. Ó ní aago ò mọ ìgbà ọyẹ́ yàtọ̀ sí ìgbà òjò. Bó bá ti ti búrẹ́dì sínú ààrò, orin ṣọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ mẹ́ta kan ló máa ń kọ. Bí orin bá parí, búrẹ́dì ti jinná. Hephzibah mọ orin náà dunjú, ó ń kọ ọ́ láìfo ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ inú búrẹ́dì ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, búrẹ́dì jóná.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bọ̀dá Jimoh ará Àjọwá, tó ti ń dáná fún Màmá láti ọdún méjìlélógún, ti páànù búrẹ́dì sínú ààrò. Hephzibah bẹ̀rẹ̀ orin. Bó ṣe parí ẹsẹ kìíní, ó rí igi ìdáná lórí àpò fúláwà. Inú bí i.

"Jimoh! Ṣé ibi tí wọ́n ń kó igi sí nìyẹn? Àbí ojú ń dùn ọ́?"

Ó fi èdè Ọ̀kà, èdè Màmá, sọ ọ́, ó tún fi Yorùbá sọ ọ́ kí ará Àjọwá lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Bọ̀dá Jimoh wí, ó sì gbé igi kúrò. Lẹ́yìn náà ló dúró sójú kan. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.

Màmá ò kọ orin yẹn tààrà rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ kìíní, á bú Jimoh. Lẹ́yìn ìkejì, ó kan Hephzibah.

Hephzibah kọ ẹsẹ kejì, ó parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bú u. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Bọ̀dá Jimoh wúkọ́.

"Hephzibah! O ò tíì jẹun láti àná! Ṣé kí n máa fọwọ́ bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́ ni? Wo ọrùn rẹ!"

Ó sọ ọ́ tán pátápátá, bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́. Hephzibah fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó kọ ẹsẹ kẹta.

Búrẹ́dì náà jinná. Hephzibah gé ìdí búrẹ́dì kan, ibi tí Màmá fẹ́ràn jù, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rántí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò padà. Bọ̀dá Jimoh rọra ti ọwọ́ náà sí i lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́," ló wí. "O ṣáà gbọ́ ohun tí Màmá sọ."