Ojúgun Kan, Kóòṣì Méjì

À ń sáré gun òkè tó lọ sí Ngwo láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni mo wà níwájú, nígbà tí nǹkan kan gún mi ní ojúgun ọ̀tún, ní ibi tí ìka kan ṣoṣo lè bò. Kò wú, kò pupa. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi bọ́ lójú mi. Mo tún sáré lọ. Ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Enugu nìyẹn, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi débẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń sá ọgọ́rùn-ún mítà lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ugwu. Nírọ̀lẹ́, màá wọkọ̀ lọ sí Amechi, níbi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ pupa líle lábẹ́ Mísíìsì Nnadi. Ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ku oṣù méjì. Mo fẹ́ ṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nínú méjèèjì. Kò sí ọmọbìnrin wa kan tó ṣe é rí, ó sì ń wù mí débi pé mi ò rí nǹkan mìíràn rò.

Ẹ wo ọgbọ́n tí mo dá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ugwu rí i pé mò ń tiro, mo ní ibi bọ́ọ̀lù ni mo ti fara pa. Ó ní, "Fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o gbájú mọ́ eré." Ní Amechi, mo ní eré sísá ló fà á. Mísíìsì Nnadi ní, "Sinmi eré yẹn, kí o ráyè gbá bọ́ọ̀lù." Mo ní ẹ ṣé, mà. Àwọn méjèèjì gbà pé mò ń sinmi. Èmi náà wá ń ṣe bí ẹni tó ń sinmi, nítorí pé ẹni méjì ti ní kí n sinmi! Mi ò sì sinmi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nílé, ìyá mi ra ìpara gbígbóná ní New Market, ó ń fi àtàńpàkò tẹ ojúgun náà. "Àbẹ̀kẹ́, fara dà á, iṣan ló lọ́." Mò ń ké, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí irú èyí bá ń ṣe, ẹ gbọ́: tèmi kọ́kọ́ ń dùn mí nígbà tí mo bá ń sáré nìkan, ó wá ń dùn mí bí mo bá ń rìn, nígbà tó yá, ó ń ro mí lórí ìjókòó.

Bàbá mi mú mi lọ sí ọsibítù. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ya ẹ́síréè, ìyẹn fọ́tò egungun, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Ugwu gbọ́, ó ní ìbẹ̀rù ìdíje ló ń ṣe mí. Inú bí mi gan-an! Mo bá tún tẹra mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ṣubú ní Amechi, mi ò lè dìde. Mísíìsì Nnadi ló gbé mi lọ sí ọsibítù, àwọn òbí mi àti Ọ̀gbẹ́ni Ugwu sì bá wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Ndo, ndo," bí àwọn Ìgbò ṣe ń báni kẹ́dùn. Dókítà na fọ́tò tuntun sójú iná, ìlà kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun. Ó ní egungun máa ń sán díẹ̀díẹ̀ nítorí àpọ̀jù iṣẹ́, bí a bá sì sinmi, á tún ara rẹ̀ ṣe. Fọ́tò kì í sábà rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí egungun bá ti ń gbìyànjú láti dí ibẹ̀.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ní kó sinmi ni?" Dókítà béèrè.

"Mo sọ fún un!" Kóòṣì méjèèjì ló dáhùn pọ̀. Wọ́n yíjú síra wọn.

"Kí lẹ ní kó sinmi?" Mísíìsì Nnadi béèrè.

"Bọ́ọ̀lù yín ni."

"Èmi sì ní kó sinmi eré yín!"

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Ojú tì mí wọ ilẹ̀. Ìyá mi ń wo àtàńpàkò ara rẹ̀.

Wọ́n fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ mi láti ìsàlẹ̀ orúnkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ń yún mi, ó ń rùn, mò ń fi ọ̀pá méjì há abíyá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdíje náà kọjá lọ. Mo bínú sí dókítà àkọ́kọ́, mo bínú sí ìpara, mo bínú sí ìyá mi tó kàn ń tọ́jú mi. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé irọ́ tèmi ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ti rù, mo sì tún ìrìn kọ́ bí ọmọdé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan, ojúgun náà tún gún mi díẹ̀ lórí pápá. Ọ̀gbẹ́ni Ugwu ti gbé fèrè sẹ́nu. Mo jókòó sílẹ̀, mo tú bàtà.

"Kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, sà. Eré yín àti bọ́ọ̀lù ló fà á."

Mi ò sá ọgọ́rùn-ún mítà mọ́ láé, mi ò sì lè purọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ojúgun tó fara da irọ́ mi tó sì tún gbé mi dìde. Lọ́jọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo lọ sí Amechi, tí mo sọ ohun kan náà fún Mísíìsì Nnadi kó tó béèrè.