Ilé Tó Kẹ̀yìn sí Títì

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ilé eérú Bàbá Oyèwọlé ní Ẹ̀gùá. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni wọ́n. Kí ìjọba tó ti ẹnubodè, wọ́n ti ya àwòrán ilé ìgbẹ̀bí fún abúlé kan lódìkejì odò, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ dé tí ìjọba fi ti ẹnubodè. Rájí bíríkìlà nìkan ló kù lọ́hùn-ún, kò sì mọ àwòrán kà.

Bàbá bá fi okùn àti eérú ya ilé náà sílẹ̀ nínú oko wọn létí odò, bó ṣe tóbi gẹ́lẹ́, kí Rájí máa wò ó láti òdìkejì kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ògiri ga tán, Bàbá figbe ta sódìkejì odò.

"Rájí! Ẹnu ọ̀nà dà?"

"Òun rèé, Bàbá. Ó kọjú sí odò."

"Ta ló ní kó kọjú sí odò?"

"Èyí tí ẹ yà síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe odò ló kọjú sí?"

"Títì yín ló kọjú sí! Odò kàn wà láàárín ni!"

Rájí bojú wẹ̀yìn wo títì. "Bàbá, bí mo bá ń wò yín, ẹ̀yìn mi ni títì wà. Ta ní ń fi ìpàkọ́ ríran?"

Bàbá ì bá ti sọdá lọ tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn fàyàwọ́ ń gbé ìrẹsì gba inú igbó kọjá, wọ́n ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá. Ṣùgbọ́n Bàbá ní àwọn tí àwọn ń fi ààlà han ènìyàn kò ní fo ààlà.

"Ewúrẹ́ wa sọdá láàárọ̀ yìí," ni Mẹ̀dínátù ìyàwó wọn wí.

"Ewúrẹ́ ò kàwé."

Bàbá kàwé lóòótọ́. Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ́fíìsì kan ní ìwé ẹ̀rí Faransé ò wúlò níbí. Bàbá bi wọ́n pé, "Ṣé mítà ti Àjàṣẹ́ kúrú ju tiyín lọ ni?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ni Bàbá bá fi orí ewú lọ Ìbàdàn, wọ́n tún kọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ṣọ́jà ta okùn ìdènà wọn kọjá ààlà lójú ọ̀nà oko, níbi tí ààlà ti yà kúrò létí odò. Bàbá na ọwọ́ sí ọ̀gá wọn. "Ẹ ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ o. Ìwé ìrìnnà yín dà?" Ọ̀gá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ká okùn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́: kí àwọn gba ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí yẹn wọlé, bó tilẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi kajú, tí wọ́n ń wò ó. Àwọn ará abúlé náà kan òrùlé rẹ̀. Bàbá gbọ́ igbe ọmọ àkọ́kọ́ láti òdìkejì.

"Èyí wọlé láìmú ìwé ìrìnnà dání," ni wọ́n wí. Wọ́n nu ojú wọn.

Àìsàn dé bá Bàbá. Rájí ránṣẹ́ pé àwọn á fi ọkọ̀ ojú omi wá gbé wọn, kí wọ́n kàn wò ó lásán. Bàbá ní, "Ẹ sọ fún un pé mo dúpẹ́. Wọ́n á ṣí ẹnubodè."

Wọn ò tíì ṣí i tí Bàbá fi kú. Ibi tí eérú wà, lábẹ́ igi kajú, ni a sin wọ́n sí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè, Mẹ̀dínátù sọdá. Rájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ má bínú. Màá dí ẹnu ọ̀nà yìí, màá lu òmíràn sí títì."

Màmá wọlé, wọ́n sì yí padà. Odò ni wọ́n rí, lẹ́yìn rẹ̀ igi kajú, lábẹ́ rẹ̀ sàréè Bàbá. Obìnrin kan gbé ọmọ tuntun kọjá lára wọn, ó ń lọ sílé.

"Má dí i, Rájí," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí Bàbá máa rí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jáde."