Géètì Bólúwají

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ amúlétutù kan dákẹ́ ní Greenspoint, ní Houston, tí Bólúwají kò sì rí i tún ṣe, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń gun òrùlé ọ́fíìsì kiri níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí àléébù kan tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni làákàyè rẹ̀ ti máa ń fẹsẹ̀ kọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìjọba, á dá yín lóhùn bí àgbàlagbà. Ẹ dárúkọ plọ́ọ̀tì kan péré, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ojú ọmọ tó rí àkàrà.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òun àti Doyinsọ́lá ìyàwó rẹ̀ ṣì jẹ́ àlejò ní Houston, wọ́n ra ilẹ̀ kan sí Ìbẹ́jú, l'Ékòó. Owó tí Doyinsọ́lá rí nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rà á. Obìnrin náà ní kí wọ́n tètè mọ ògiri yí i ká, kí wọ́n fi géètì sí i. Bólúwají ní kó fọkàn balẹ̀, ta ni yóò jí ilẹ̀, ṣé ilẹ̀ ṣeé gbé sápò ni? Kí ọdún tó yí po, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti tà á fún ẹlòmíì, ẹlòmíì náà ti kọ́ ilé alájà kan sí i, ó sì ti kun ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Wọ́n fi fọ́tò ilé náà ránṣẹ́ sí wọn. Doyinsọ́lá wò ó títí. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò tún ní bá a dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ láyé òun.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ti Bólúwají yàtọ̀. Ejò bù ú jẹ tán, ó tún ń wá ejò mìíràn kiri. Lọ́jọ́ kan, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń jẹun ọ̀sán níwájú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ló bá rí i pé wọ́n ń ta ilẹ̀ eékà márùn-ún nínú aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas. Owó rẹ̀ kò tó ti fìríìjì tuntun tí wọ́n gbé sí kíṣìnnì ilé wọn ní Missouri City, lẹ́bàá Houston. Kó tó gbé ìrẹsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó ti rà á.

Ó di ọjọ́ kẹta kó tó ní ìgboyà láti sọ ọ́ nílé.

"Eékà márùn-ún?" ni Doyinsọ́lá wí. "Omi ńkọ́?"

"Kò tíì sí omi."

"Iná ńkọ́?"

"Solar la máa lò."

"Road ńkọ́, Daddy Ṣẹwà?"

"Ó wà lórí map."

Doyinsọ́lá fi ìbòrí dé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú oríire o. Ilẹ̀ yín ni. Ẹ má fi orúkọ mi sí i, ẹ má sì ní kí n wá wò ó. Èmi kì í ṣe alángbá."

Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Orúkọ Doyinsọ́lá ló ti wà nínú ìwé ilẹ̀ náà, orúkọ tirẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́ fi ilẹ̀ yìí dípò ti Ìbẹ́jú fún un. Ó rò ó pé bó bá rí ilé kékeré kan kọ́ síbẹ̀, tí Doyinsọ́lá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nígbà náà lòun yóò gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, ohun tó ti há sí àárín àwọn méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá yóò sì tú. Títí dìgbà náà, gbogbo lẹ́tà owó orí ilẹ̀ tí káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, bá fi ránṣẹ́ sí Doyinsọ́lá lọ́dọọdún, Bólúwají á ti sáré yọ ọ́ nínú àpótí lẹ́tà, á sì fi í pamọ́ sáàárín àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nínú gáréèjì.

Ẹlòmíì tó bá fẹ́ kọ́lé sí aṣálẹ̀, omi ni yóò kọ́kọ́ wá. Bólúwají kọ́kọ́ ṣe géètì.

Wẹ́dà kan ní Greenspoint ló bá a jó irin rẹ̀ pọ̀. Géètì onílẹ̀kùn méjì ni, dúdú, wọ́n kun ṣóńṣó orí irin rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá ń ṣe sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Ìkẹjà. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wakọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Nígbà tó débẹ̀, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó to búlọ́ọ̀kù, ó mọ òpó méjì, ó gbé géètì kọ́ sáàárín wọn, ó fi àgádágodo tó tó ìkúùkù ọwọ́ tì í. Ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára òpó pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Èdè òyìnbó ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ó sì tún fi Yorùbá kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀, bóyá ọmọ onílẹ̀ kan lè rìn jìnnà débẹ̀. Kò sí ògiri lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ géètì kọjá láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Aládùúgbò kan ṣoṣo tó ní níbẹ̀ ni Ruben, bàbá arúgbó kan tó ń gbé inú ilé alágbèéká lókèèrè. Ruben wá wo géètì náà, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè ibi tí ògiri wà.

"The wall is coming," ni Bólúwají dá a lóhùn.

Ó ṣàlàyé àwọn ọmọ onílẹ̀ fún un títí ẹnu fi ń ro ó. Ruben wo apá ibí, ó wo apá ọ̀hún, kò rí nǹkan kan ju igi ẹlẹ́gùn-ún lọ, ó ní ó dáa náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ òsì géètì ni Ruben ń gbà wọlé, ẹni tó ń gbé omi wá náà ń gba ibẹ̀, títí táyà ọkọ̀ fi la ọ̀nà síbẹ̀. Bólúwají nìkan ló máa ń dúró, tí á sọ̀ kalẹ̀, tí á ṣí àgádágodo, tí á wakọ̀ wọlé, tí á tún padà lọ tì í. Ní gbogbo àsìkò náà, kò gba ẹ̀gbẹ́ rí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rín. Bùrọ̀dá Láyíwọlá, tó kọ́ ilé ńlá sí Sugar Land, kì í jẹ́ kí ọjọ́ Ìsinmi kan lọ láìbéèrè. "Bùrọ̀dá Bólú, àwọn ràkúnmí yín ti bímọ?" Doyinsọ́lá á ní ilẹ̀ Daddy Ṣẹwà ni o, ẹ má kó òun mọ́ ọn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Bólúwají náà á rẹ́rìn-ín. Ti Láyíwọlá kò dùn ún. Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a délé.

Nígbà kan tó tibẹ̀ dé, ó fi ìdùnnú ròyìn fún un pé géètì náà ti wúlò, pé òun ni gbogbo ará agbègbè fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

"Ẹ ṣeun," ni Doyinsọ́lá wí. "Ẹ ti di bus stop."

Ṣùgbọ́n bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Bólúwají kọ́ yàrá kan àti pálọ̀, búlọ́ọ̀kù gidi, kì í ṣe pákó. Ruben kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi páànù gba omi òjò sínú táńkì. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, páànù nìkan ló kù. Bólúwají gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ní òun fẹ́ lọ kàn án.

"Ẹ lọ bá alángbá jẹ tòlótòló," ni Doyinsọ́lá wí, ó sì wọ yàrá lọ. Bólúwají gbéra pẹ̀lú ọkàn wúwo. Inú ìbànújẹ́ yẹn ló ti gbàgbé pé àsìkò lẹ́tà káńtì ti tó.

Ní ọ̀sán Thanksgiving, ó wà lórí páànù tó ń kàn án lọ, ló bá rí eruku lókèèrè. Ọkọ̀ kan ń bọ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó rí i pé ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ti ilé wọn ni. Adéṣẹwà ọmọ wọn, tó wà ní yunifásítì, ló ń wà á, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà yà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, sí ojú ọ̀nà Ruben. Kò tíì rìn jìnnà tó fi dúró. Ó fi ẹ̀yìn rìn padà, ó wá kọjú sí géètì gan-an. Ni fèrè bá dún. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ni máígádì ibí yìí?" Ohùn Doyinsọ́lá ni. "Ṣé kò sẹ́ni nílé ni?"

Bólúwají sọ̀ kalẹ̀, ó tú gbogbo àpò rẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́, ó sáré débẹ̀ tòun ti òòlù lọ́wọ́. Doyinsọ́lá ti yí gíláàsì wíńdò ọkọ̀ wálẹ̀. Lẹ́tà káńtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mummy refused to go around," ni Adéṣẹwà wí. "Mo sọ fún wọn pé there's no wall o."

Ìyá rẹ̀ na lẹ́tà náà sí ọkọ rẹ̀. "Mo ní kí ẹ má fi orúkọ mi sí i."

"Orúkọ tìrẹ nìkan ló wà níbẹ̀," ni Bólúwají wí. "Owó rẹ ló ṣègbé ní Ìbẹ́jú. O ní ká fi géètì sí i, mi ò gbọ́." Ó fi òòlù tọ́ka sí irin náà. "Mo wá fi géètì sí èyí."

Doyinsọ́lá wo géètì náà láti òkè délẹ̀. Ó wo òpó, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Máígádì," ni ó wí, "ṣé wọ́n ń ta ilẹ̀ yìí?"

"Rárá, Mà. Kì í ṣe títà."

"Ó dáa. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Bólúwají ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì gbayawu. Wọ́n wakọ̀ wọlé, ó sì ti géètì padà, ó fi àgádágodo sí i.