Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù Tí A Yà ní Ìlọràá

Ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí orílẹ̀-èdè yìí gbòmìnira nígbà tí bàbá mi fi mí fún ọkọ láì bi mí. Mo wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwa ọmọbìnrin ní iṣẹ́ tíṣà, mo sì wá sílé ní Fìdítì fún ìsinmi Àjíǹde. Bàbá mi pè mí sí ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé wa lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ti bá òun sọ̀rọ̀ nípa mi, òun sì ti fún un lésì. Ó ní ọmọlúwàbí ni, díákónì bíi tòun ni. Èmi náà mọ ọkùnrin náà dáadáa, ó ti kọ́ mi ní ìṣirò rí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. N kò mọ ohun mìíràn tí ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé wa lè ṣe.

Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé ju ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí mi sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí etí títì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè kọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹni tí ń lu ọmọ ni, ǹ bá bú sẹ́kún kí àdúgbò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn mi ni, ó sì dá a lójú pé ire lòun ṣe fún mi. Mo padà sílé ẹ̀kọ́, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òyìnbó obìnrin kan wà tó ń kọ́ wa, Mísì la máa ń pè é. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ya àwòrán tó ń rìn, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí létí bí aago kó tó lè ṣiṣẹ́. Ní sáà yẹn, ó ní kí oníkálukú wa kọ ìtàn kúkúrú kan, pé èyí tí kíláàsì bá yàn la máa fi ya fíìmù. Fíìmù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn nìkan la lè yà. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dára kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ṣe ló máa ń mú kí ẹni tó ń wò ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń bọ̀.

Mo kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ tì mọ́lé kí ó má baà padà sílé ìwé. Mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí bàbá tèmi kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ mi. Ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ nìyẹn. Ìtàn mi ni kíláàsì yàn, wọ́n sì ní kí n ṣe ọmọbìnrin náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tí kò nídìí kò sì rìn jìnnà.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Awẹ́, tó ga bí ọkùnrin, ló ṣe bàbá. Ó wọ bùbá bàbá mi kan tó ti gbó, tí mo máa ń wọ̀ sùn, ó sì dé fìlà. Ìlọràá la ti yà á, ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé ìyá àgbà kan tó jẹ́ ìbátan obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa nílé ẹ̀kọ́. Ilé alámọ̀ ni, ó ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí wọ́n fi ọ̀pá irin mẹ́ta dí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní àgádágodo inú pákó àtijọ́ kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Yàrá náà ṣókùnkùn jù fún ẹ̀rọ Mísì. Wọ́n lọ yá dígí ńlá lọ́wọ́ onígẹ̀rígẹ̀rí kan tó ń gẹ irun nínú ìlú, ọmọ kíláàsì wa méjì sì dì í mú nínú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sí mi lójú láti ojú fèrèsé.

A kọ́kọ́ ya bàbá tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà a ya ọwọ́ rẹ̀ tó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó wá ku ojú tèmi níbi fèrèsé. Kí gbogbo rẹ̀ lè rí bí òótọ́, Mísì ní kí ọ̀rẹ́ mi ti ilẹ̀kùn náà mọ́ mi ní ti gidi. Mo di irin fèrèsé mú, mo ń wo ìta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi tún ń yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn mi láti ṣí i sílẹ̀ dè mí. Nǹkan kan dún kẹ́kẹ́, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti kán sínú rẹ̀ o."

N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Mo sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn, mo lù ú, mo sáré padà sí fèrèsé, mo fi ọwọ́ méjèèjì mi irin. Mo pariwo pé kí wọ́n ṣí i. Mísì kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ó rò pé eré ni, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń yà á lọ títí ẹ̀rọ fi dúró fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi tó ráyè ṣàlàyé fún un pé kọ́kọ́rọ́ ti kán.

Alágbẹ̀dẹ tó lè tú ilẹ̀kùn náà ti lọ sóko. Wọ́n rán ènìyàn sí i, Mísì àti àwọn yòókù sì lọ wá gbẹ́nàgbẹ́nà nínú ìlú. Ìyá onílé ló jókòó tì mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bó ṣe fa àpótí, tó sì ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́.

Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Bí o bá ń lù ú, apá rẹ ló máa ro ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé yàrá yẹn gan-an ni wọ́n mú òun wọ̀ nígbà tí òun ṣe ìyàwó. Òun kò rí ọkọ òun rí kó tó di ọjọ́ náà. Nígbà náà ilẹ̀kùn kò tíì sí níbẹ̀, ẹní ni wọ́n fi ń dí ẹnu ọ̀nà.

Mo bi í pé, "Ẹní lásán? Kí ló dé tí ẹ ò jáde, mà?"

Ó ní, "Níbo ni mo fẹ́ gbà lọ?"

Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ rárá, ẹ̀gúsí rẹ̀ ló ń bó lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé ẹnu mi sí ihò kọ́kọ́rọ́, mo sì ro ohun tí n kò rò fún ẹnikẹ́ni fún obìnrin tí n kò mọ̀ rí. Mo sọ ti ìdí igi ọsàn, mo sọ ti ọ̀gá ilé ìwé, mo sọ pé mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

Ó bi mí pé, "O ti sọ fún bàbá rẹ pé o ò fẹ́?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà ò sọ fún tèmi. Ó kú láì mọ̀."

Ó tún padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ooru mú, yàrá náà ń rùn bí iṣu tó ti pẹ́ nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí ń kọjá lójú títì, tí oníkálukú ń lọ sí ibi tó wù ú. Wọ́n ti ń pe ìrun alásàárì kí alágbẹ̀dẹ tó dé. Ó lu igi ilẹ̀kùn náà yọ. Mísì dì mọ́ mi, ó ń tọrọ àforíjì pé òun rò pé eré ni mò ń ṣe. Mo ní kò sí wàhálà.

Wọ́n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba láti lọ fọ̀ ọ́, oṣù púpọ̀ sì kọjá kó tó padà dé. Nígbà náà wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána mi sí ẹ̀yìn Kérésìmesì. Wọ́n fi fíìmù hàn lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá kí wa. A fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé gbọ̀ngàn, a ta aṣọ funfun sára ògiri. Bàbá mi jókòó ní ìlà kejì.

Mo rí bùbá rẹ̀ tí ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà. Mo rí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ojú mi kún ara ògiri, ẹnu mi ń là, ó ń pa dé, kò sì sí ohùn kankan, nítorí ẹ̀rọ náà kì í gba ohùn. Bó ṣe tán nìyẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àwọn kan yí padà wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá mi kò pàtẹ́wọ́.

Ó dúró dè mí níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ó ní, "Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe eré. Mo mọ bí ojú rẹ ṣe máa ń rí tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́."

Mo sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ló kán, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn ṣí. Mo rí i tí ara tù ú. Ó ti fẹ́ máa bi mí bóyá mo fara pa. Mo lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rù ti ń bà mí kó tó kán, bàbá. Láti ìgbà Àjíǹde ni."

Ó bi mí bóyá bùbá òun ni ọmọ yẹn wọ̀. Mo ní òun ni. Ó fà mí dìde, ó fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún mi bí ẹni ń gbọn ti ọmọ kékeré, ó sì lọ wọ mọ́tò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó ní òun ti sún ìdána síwájú, ó di ìgbà tí mo bá parí ẹ̀kọ́, tí mo sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu òun láàárín àwọn díákónì, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe kó o padà. Mo ka lẹ́tà náà lórí ibùsùn, inú mi dùn, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Ṣe ló dà bíi pé yàrá Ìlọràá yẹn ló fẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí.

Mo ṣe tíṣà ní Ìwarè fún ọdún méjì náà. N kò jẹ ìgbádùn wọn tó bí mo ṣe rò, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń ka ohun tó kù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n pé, mo fẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fìgbà kan jágbe mọ́ mi, a sì bímọ mẹ́rin. Mísì ti padà sí ìlú rẹ̀ nígbà náà, ó sì kó fíìmù náà lọ.

Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, mo ròyìn fíìmù náà fún ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, àti ohun tí mo sọ fún bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó bi mí pé ká ní wọ́n bi mí nígbà náà, ṣé ǹ bá yan òun. Mo rò ó, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀.

Ó ní, "Mo ti rò bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó tàn án, a sì jọ jókòó gbọ́ ìròyìn.